Bí ẹni tó ní ìpèníjà ara ṣe lè yan ẹsásáìsì tó bá ara ẹ̀ mu

Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bèèrè ló ń yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsásáìsì wo ni kí n máa ṣe?" Lónìí ó lè jẹ́ ọmọ yunifásítì LAUTECH kan ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tínrín ju èkejì lọ, lọ́la ó lè jẹ́ ẹni tí màmá ẹ̀ ní sítróòkù, tàbí bàbá kan tí jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìlọrin sọ di ẹni orí wíìlìṣíà. Èmi fúnra mi, kírọ́ọ̀ṣì méjì ni mo fi ń rìn láti kékeré, rọpárọsẹ̀ ló ṣe ẹsẹ̀ òsì mi, torí náà ohun tí mò ń kọ síbí, ara mi ló kọ́kọ́ fi kọ́ mi kí àwọn físíò, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tó wá ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Kí n sọ ọ́ tààrà. Èyí tẹ́ẹ rí lórí YouTube kọ́ ló dáa fún yín, èyí tí aládùúgbò yín ń ṣe náà kọ́. Èyí tẹ́ẹ ṣe lónìí tí ara yín ṣì lè ṣiṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ lọ́la, òun ni tiyín. Ọjọ́ kejì ni mo fi ń díwọ̀n ẹsásáìsì.

Ẹ ka èyí ná: àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá bá yín mu, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀:

- Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, síbẹ̀ bìpì (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) yín, ti òkè ju 180 lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ ju 110 lọ
- Àyà ń dùn yín, òòyì ń kọ́ yín, tàbí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ láìṣe nǹkan kan
- Egbò wà ní ìdí, ní gìgísẹ̀, tàbí lára kùkùté ẹsẹ̀ tí wọ́n gé
- Ẹsẹ̀ kan ṣàdédé wú, ó gbóná, ẹ ò mọ ohun tó fà á. Ẹ má fọwọ́ ra á o, ẹ má fi òróró pa á, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sọ́sìbítù
- Ibà wà lára
- Sítróòkù tàbí iṣẹ́ abẹ náà ṣì tuntun, físíò ò sì tíì wò yín

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ lè rí físíò ní LAUTECH Teaching Hospital, ẹ tún lè rí wọn ní Bowen University Teaching Hospital, ìyẹn tó jẹ́ Baptist Medical Centre tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó káàdì kì í ṣe nǹkan kékeré lásìkò yìí, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ. Kẹ́ẹ sì kọ ìbéèrè yín sínú ìwé kẹ́ẹ tó kúrò nílé, torí bẹ́ẹ bá ti dé iwájú wọn ẹ máa gbàgbé ìdajì:

1. Oríkèé wo ni kí n má fi tipátipá ṣe?
2. Iṣan wo ló rẹ̀, èwo ló kàn gan?
3. Kí ni mo lè dá ṣe nílé, kí sì ni kí n má ṣe láìsí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?
4. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo ti ṣe é jù?

Ìbéèrè kẹrin yẹn ni kẹ́ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tí ara yín lè ṣe sílẹ̀

Ohun tó lè ṣe o. Ohun tí ò lè ṣe, gbogbo ayé ti sọ ìyẹn fún yín tó. Ẹ mú bébà, kẹ́ẹ dáhùn:

- Ṣé mo lè jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan? Fún ìṣẹ́jú mélòó?
- Ṣé apá mi méjèèjì lè ga kọjá orí?
- Ṣé mo lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan?
- Ibo lára mi ni mi ò ti mọ̀ tó bá gbóná tàbí tó bá há?
- Àsìkò wo lójúmọ́ ni ara mi máa ń le jù?

Èyí tí wọ́n máa ń fojú fò jù ni ìbéèrè nípa ibi tí ara ò ti mọ nǹkan. Ẹni tí ìdí ẹ̀ ò mọ ìrora lè fi ìdí yẹn jókòó lórí kókó aṣọ fún wákàtí kan, ìgbà tó bá dalẹ́ ni wọ́n máa tó rí i pé awọ ti bó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ẹ fẹ́ fi ara ṣe

Ẹ má sọ pé "mo fẹ́ lágbára". Agbára láti ṣe kí ni? Kẹ́ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ Márúwá láìjẹ́ pé wọ́n gbé yín? Kẹ́ẹ lè kúrò lórí wíìlìṣíà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì fúnra yín? Kẹ́ẹ lè dìde nílẹ̀ lẹ́yìn ìrun? Kẹ́ẹ lè jókòó ti ọjà yín ní Ọjà Jagun láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ̀yìn má dùn yín? Nǹkan tẹ́ẹ bá mú ló máa sọ ẹsásáìsì tẹ́ẹ máa ṣe. Ẹni tó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, apá àti ìbàdí ló nílò. Ẹni tó ń jókòó tajà, iṣan ẹ̀yìn àti ti agbedeméjì ló máa kọjú sí.

Lọ́dún tó kọjá mo bá ìyá kan ṣe é báyìí lẹ́yìn sítróòkù wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n jù, mo rò pé wọ́n máa ní ìrìn ni, wọ́n ní àwọn ò lè dìde lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá ní ká dìde kọrin. Ó parí. Físíò wọn ló fọwọ́ sí i, bó ṣe di pé àga onígi tí ò lápá la gbé ti ògiri, tí tábìlì wà níwájú wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan tábìlì, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú fi kọjá orúnkún, kí wọ́n wá dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n kà á sókè, "oókan... eéjì...", ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n jókòó, wọ́n fi gèlè nu ojú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ oríṣi mẹ́ta, kẹ́ẹ mú díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan

1. Èyí tó ń jẹ́ kí ọkàn ṣiṣẹ́. Ẹ lè ti wíìlìṣíà yín kiri àgbàlá, ẹ lè rìn, ẹ lè jókòó kẹ́ẹ máa ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹ lè jókòó jó. Ijó orí àga, ẹ má fojú di í, orin mẹ́ta tó le dáadáa ti tó ìṣẹ́jú méjìlá.
2. Èyí tó ń fún iṣan lágbára. Gbígbé nǹkan, fífa nǹkan, dídìde àti jíjókòó.
3. Èyí tó ń na ara. Ó kan ẹni tí ara ẹ̀ máa ń gan jù, tàbí ẹni tó ń jókòó láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ na án jẹ́jẹ́, kẹ́ẹ dúró síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ má já a gbà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde ní 2020, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n máa kọ ti àwa aláàbọ̀ ara sínú ẹ̀: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún oríṣi àkọ́kọ́ tó bá le níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti ọjọ́ 2 ó kéré tán fún ti iṣan. Ẹ má jẹ́ kí 150 yẹn dẹ́rù bà yín. Ibi tá à ń lọ nìyẹn. Wọ́n sọ níbẹ̀ náà pé èyí tó kéré sàn ju àìṣe rárá lọ. Àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣèṣe tiẹ̀ ní ìlànà tiwọn tó kéré sí i: ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó le débi pé èémí á máa yára, àti gbígbé nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, iṣan kọ̀ọ̀kan ní abala 3, kí wọ́n gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní abala kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ohun èlò láyìíká yín

Jíìmù ò pọn dandan.

- Píọ́ wọ́tà. Omi inú ọ̀rá kan tó jẹ́ 50cl, ìdajì kílò ni. Ẹ kó méjì sínú àpò tí ẹ lè fi kọ́ ọrùn ọwọ́, kílò kan nìyẹn, ó dáa gan-an fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè di nǹkan mú.
- Ike omi 75cl tàbí lítà kan ààbọ̀. Bí agbára bá ṣe ń pọ̀ lẹ ṣe máa pọn omi kún un.
- Túùbù ọ̀kadà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ lọ bá fọgaláísà, ẹ ní kó fún yín ní túùbù tó ti bẹ́, tí ò ṣeé lẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, baba kan ní Sábó ló gé e fún mi, ó gé ibi irin tí wọ́n ti ń fa atẹ́gùn kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á títí, ó gbé e sókè wò ó nínú oòrùn bóyá ibì kan ti sán, ó ní kí n má lo apá ibì kan tó ti fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà kẹ́ẹ tó lò ó lójoojúmọ́, torí tó bá já mọ́ yín lójú wàhálà ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí dúdú ẹ̀ má bàa ba aṣọ jẹ́. Ẹ so ó mọ́ irin fèrèsé tó dúró gbọin, ẹ jókòó kọjú sí i, kẹ́ẹ fà á wá sí àyà bí ẹni ń tu ọkọ̀ ojú omi.
- Àga onígi tí ò lápá, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Àga oníke ò dáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń là.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣe ìdajì ohun tẹ́ẹ rò pé ẹ lè ṣe

Tẹ́ẹ bá rò pé ẹ lè gbé e nígbà mẹ́wàá, ẹ gbé e nígbà márùn-ún. Bẹ́ẹ bá ń ṣe é, ẹ sọ̀rọ̀: tẹ́ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ ò lè kọrin, ó wà níbi tó yẹ. Tẹ́ ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ sinmi. Bẹ́ẹ bá ń gbé nǹkan, ẹ má há èémí mọ́nú, ìyẹn máa ń gbé bìpì sókè, ẹ kà á sókè lẹ́nu, ẹni tó bá ń kà ò lè há èémí.

Lẹ́yìn náà ẹ dúró de ọjọ́ kejì:

- Iṣan kàn wúwo díẹ̀, iṣẹ́ yín ń lọ → ó dáa, ẹ tún ṣe é bẹ́ẹ̀
- Oríkèé ló ń dùn, tàbí iṣẹ́ tẹ́ẹ ṣe lánàá ò ṣeé ṣe lónìí → ẹ sinmi, kẹ́ẹ dín in kù sí ìdajì
- Ó ti di ọjọ́ kẹta, kò tíì lọ → ẹ pe físíò

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi nǹkan kan ṣoṣo kún un lọ́sẹ̀ kan

Tẹ́ẹ bá fi iye ìgbà kún un, ẹ má fi omi kún ike lọ́sẹ̀ yẹn. Tẹ́ẹ bá fi méjèèjì kún un tí ara wá dùn yín, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á.

Bó ṣe yàtọ̀ láti ara dé ara

*Ẹ̀yin tí rọpárọsẹ̀ mú nígbà èwe.* Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ara mi ló wà. Àìsàn yẹn pa lára àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹran ara, àwọn tó ṣẹ́kù wá gba iṣẹ́ àwọn tó kú mọ́ tiwọn. Iṣẹ́ ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, lẹ́nì kan ń ṣe láti kékeré. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ọgbọ̀n, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n, kéèyàn wá rí i pé ẹsẹ̀ tó ń gbé òun tẹ́lẹ̀ ti ń já òun kulẹ̀. Wọ́n á ní "torí o ò ṣe ẹsásáìsì tó ni". Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà kan, mo ń fi kírọ́ọ̀ṣì gun òkè lọ gun òkè bọ̀ lóròòwúrọ̀, mo ń fipá ṣe é, láàárín oṣù méjì èjìká ọ̀tún mi ò gbé fúráì páànù mọ́. Físíò tó wò mí bi mí pé, "Ẹsẹ̀ yín ni èjìká yín, ta ló ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe báyẹn?" Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Torí náà: ẹ ṣe é ní kékeré kékeré, ẹ sinmi láàárín, ọjọ́ kan ṣe, ọjọ́ kan sinmi. Iṣan tó ti rẹ̀ gan-an, tí ò lè gbé ìwọ̀n ara ẹ̀, ẹ má gbé ẹrù lé e lórí.

*Ẹ̀yin orí wíìlìṣíà.* Títì lẹ ń tì lójoojúmọ́, iwájú èjìká ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ń sùn. Fífà ni kẹ́ẹ máa ṣe jù, ibẹ̀ ni túùbù yẹn ti wúlò. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, ẹ tẹ̀ síwájú tàbí kẹ́ẹ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè dé awọ ìdí. Tó bá jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ṣèṣe, ìsàlẹ̀ ibi tó ti ṣèṣe lè má làágùn mọ́, oòrùn ọ̀sán wa níbí sì lè mú yín lójijì, ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù, kẹ́ẹ sì gbé omi tútù dání tẹ́ẹ máa fọ́n sára.

Ìkìlọ̀ tó lágbára nìyí fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ṣèṣe láti àyà sókè: tí orí bá ṣàdédé ń fọ́ yín gidi, tí ojú ń pọ́n, tí òógùn ń bò yín lókè, bìpì ló ń fò sókè yẹn. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má dùbúlẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ti ká. Tí kò bá rọlẹ̀ kíá, ọ̀sìbítù ni.

*Lẹ́yìn sítróòkù.* Kí ẹnikẹ́ni má fa apá tó rọ yẹn o. Mo ti rí ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀ tọkàntọkàn tó di apá yẹn mú láti gbé wọn dìde, èjìká yẹ̀. Abẹ́ ìbàdí ni kẹ́ẹ ti dì wọ́n mú, tàbí kẹ́ẹ so bẹ́líìtì fífẹ̀ mọ́ wọn nídìí kẹ́ẹ di ìyẹn mú. Bàtà tó bo gìgísẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí wọ́n ti lo oògùn bìpì wọn.

*Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé.* Ẹ má fi pílò sábẹ́ kùkùté, ìbàdí á gan síbi tó ká sí, kò ní lè nà tán mọ́. Ẹ dojú bolẹ̀ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn ẹsásáìsì ẹ fi dígí wo awọ ibẹ̀ yí ká, tí ibi tó pọ́n ò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yẹn padà, ẹ lọ tún un ṣe.

*Fòníkú-fọ̀ládìde (sickle cell) tó ti kan ìbàdí.* Kò sí fífò, kò sí sísáré. Ẹ mu omi ṣáájú kẹ́ẹ tún mu lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ẹ má sì jáde lọ ṣe é nínú ọyẹ́ àárọ̀, ẹ dúró kí oòrùn yọ díẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Èyí tó burú jù ni kéèyàn gbé oògùn ìrora mì kó lè ráyè ṣe ẹsásáìsì. Ìrora yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ti wá di í lẹ́nu. Èkejì, ṣíṣe é fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta torí pé ẹ ò ráyè láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ní kí oníṣẹ́ eegun fi agbára tẹ oríkèé tó gan kó lè là. Ó lè kán.

Tó bá jẹ́ jíìmù ló wù yín

Inú mi á dùn sí i. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ tó gba góòlù fún Nàìjíríà nínú Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, ní Tokyo ní 2021 àti ní Paris ní 2024, orí bẹ́ńṣì ló dùbúlẹ̀ sí tó fi ń gbé irin, ẹsẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ wo ibẹ̀ kẹ́ẹ tó sanwó. Mo sanwó oṣù kan sí ọ̀kan nígbà kan torí wọ́n sọ lórí fóònù pé ìsàlẹ̀ ilé ni, mo débẹ̀, gọ́tà wà níwájú tí ò ní afárá, àtẹ̀gùn mẹ́rin tún tẹ̀lé e, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lókè. Wọ́n ò dá owó mi padà. Ẹ wò ó:

- Ṣé ẹnu ọ̀nà gba wíìlìṣíà? Ẹ mú téèpù lọ wọ̀n ọ́n
- Ṣé mo lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀?
- Ṣé ilẹ̀ ń yọ̀ tó bá tutù?
- Tí mo bá ní "ó tó", ṣé olùkọ́ ibẹ̀ máa dúró, àbí ó máa ní "ẹyọ kan sí i"?

Tó bá jẹ́ "ẹyọ kan sí i" ló ń sọ, ẹ máa bọ̀ nílé. Tí wọ́n bá sì ní àwọn ò gba irú yín, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ti ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń jókòó ṣe é

1. Ajé: ijó orí àga ìṣẹ́jú 5, nína apá àti ọrùn
2. Ìṣẹ́gun: fífa túùbù, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún
3. Ọjọ́rú: ìsinmi, nína nìkan
4. Ọjọ́bọ̀: bíi ti ọjọ́ Ajé
5. Ẹtì: bíi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹ́ẹ fi gbígbé píọ́ wọ́tà kún un, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan
6. Àbámẹ́ta àti Àìkú: ìsinmi. Òde àríyá tẹ́ẹ lọ náà, ẹ kà á mọ́ ọn

Tí òjò bá rọ̀ tàbí tí àlejò dé, ẹ fò ó, ẹ má ṣe ti ọjọ́ méjì pọ̀.

Lójoojúmọ́ ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé: ohun tẹ́ẹ ṣe, iye rẹ̀, àti bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ mú ìwé yẹn lọ bá físíò. Ìwé ti ìyá tó fẹ́ máa dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wà lọ́wọ́ mi níbí, ìwé ọmọ iléèwé ni, ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn kọ ọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́: "Ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ kejì ó dáa." Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà: "Ẹ̀mẹ́wàá. Mọ́mì ò fọwọ́ kan tábìlì."